Káàdì Ẹ̀gbọ́n Mi, àti Ẹ̀sùn Procaine Tí Wọ́n Kà sí Lidocaine Lọ́rùn

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ìtọ̀ há mọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń lọ sí ilé ìtọ̀ léraléra tí nǹkan kan kò jáde. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, abẹ́ ìdodo wọn ti le bí awọ ìlù, òógùn sì ti bo ojú wọn. A gbé wọn dé ọsibítù kan nígboro Ìlọrin níbí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ohun tí wọ́n ṣe lóru ọjọ́ náà kì í ṣe ìwà ìkà. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti to gbogbo nǹkan sórí àwo: rọ́bà ìtọ̀, ìbọ̀wọ́, omi tí wọ́n á fi fẹ́ bàlúù tó wà lẹ́nu rọ́bà náà, àti jẹ́lì Xylocaine tí wọ́n máa ń fún sí ojú ihò ìtọ̀ kí ibẹ̀ lè kú kí rọ́bà tó wọlé. Ó wá béèrè ìbéèrè tí wọ́n kọ́ ọ pé kó máa béèrè: "Alhaji, ṣé oògùn kan wà tí ara yín ò gbà?"

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí pọ́ọ̀sì wọn. Káàdì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá wé, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ara ẹni tó ni káàdì yìí kò gba procaine, kí ẹnikẹ́ni má fún un.

Nọ́ọ̀sì ka káàdì, ó tún ka ara jẹ́lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lidocaine ni orúkọ oògùn tó wà nínú Xylocaine. Procaine níbí, lidocaine lọ́hùn-ún. Ó pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́; ìyẹn náà ní kí wọ́n má dán an wò. Bí wọ́n ṣe fi jẹ́lì lásán, èyí tó kàn ń yọ̀ tí kì í mú ara kú, ti rọ́bà wọ ara àgbàlagbà tí próstéètì rẹ̀ ti wú nìyẹn. A ti jọ wà láti kékeré, mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu wọn rí. Ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé ìtọ̀ jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà ṣàlàyé pé wọn yóò máa pààrọ̀ rọ́bà náà títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àti pé bó bá tún há, wọ́n lè ní láti gba abẹ́ ìdodo lu ihò wọ inú àpò ìtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò ní ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí a gbé àwọn lọ sílé, kí àwọn lọ kú níbẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ìmọ̀ oògùn. Mo sì ní ohun kan láti jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin tí mo kọ́. Nínú ìwé ìkọ́ni tí mo há fún ọ̀pọ̀ nínú yín, mo kọ ọ́ pé bí ara aláìsàn bá ti kọ oògùn amárakú kan, kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹbí rẹ̀. Mi ò ṣàlàyé dáadáa ta ni ẹbí ta. (Ohun tí mò ń pè ní oògùn amárakú ni èyí tí wọ́n ń lò sí ojú kan ṣoṣo kí ibẹ̀ lè kú, tí ẹni náà kò sì ní sùn. Ó yàtọ̀ sí èyí tó ń kunni lóorun.)

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí káàdì yẹn. Ní 1974, tíṣà kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi, àyà sì ń dùn wọ́n pẹ̀lú ikọ́. Dìsípẹ́ńsà kan gún wọn ní PPF. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi mọ PPF. Abẹ́rẹ́ funfun bíi mílíìkì ni, ó nípọn, ìdí ni wọ́n ń gún un sí, kò sì sí àìsàn tí wọn kì í gún un fún nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ náà yọ tán ni ayé ti yí biri. Etí wọn ń hó, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí kò sí nínú yàrá, ọkàn wọn sì gbà pé ikú ló dé. Wọ́n ń pe Ọlọ́hun. Láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti lọ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ara ò yún wọn, ètè ò wú, èémí ò há.

Dìsípẹ́ńsà náà gbọ́n ju bí mo ṣe kọ́kọ́ rò lọ. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gba penicillin rí, ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó dà bí omi, kò sì ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ó wá ronú pé ohun tó yàtọ̀ nínú èyí ni procaine. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ procaine ló kọ sórí káàdì.

Kí ni procaine ń ṣe nínú abẹ́rẹ́ penicillin? Penicillin ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kì í pẹ́ lára. Kídìnrín tètè ń tì í jáde, ó sì di dandan kí wọ́n máa gún aláìsàn láàárín wákàtí díẹ̀ síra. Ní òpin àwọn ọdún 1940 ni wọ́n rí i pé bí wọ́n bá so penicillin mọ́ procaine, kì í yára yọ́, á máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹran ìdí fún odindi ọjọ́ kan. Oògùn yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fi dojú kọ àrùn yaws ní ilẹ̀ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1950, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é gan-an. Abẹ́rẹ́ kan péré, egbò á gbẹ. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ àwọn òbí wa nínú abẹ́rẹ́ ti fìdí múlẹ̀, tó fi jẹ́ pé dókítà tó bá fún ni ní oògùn oníhóró nìkan kò tíì tọ́jú ni.

Ṣùgbọ́n bí i ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n oògùn náà ni procaine. Bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan, yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1959, dókítà ará Switzerland kan, Rolf Hoigné, pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ kọ ìwé nípa àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí: ìbẹ̀rù ikú òjijì, etí híhó, rírí ohun tí kò sí, kí gbogbo rẹ̀ sì kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n fi hàn pé kì í ṣe àlẹ́jì. Orúkọ Hoigné ni wọ́n fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Nígbà tí mo ka àwọn àmì náà fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní: "Ta ló sọ fún òyìnbó yẹn?"

Èdè wa náà dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Yorùbá, "ara mi ò gbà á" gba ohun gbogbo mọ́ra. Ẹni tí oògùn rú nínú, ẹni tó ń rọ̀jò èébì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ lù kìkì lórí àga oníṣègùn eyín, àti ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ wú tí kò lè mí mọ́, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ rántí chloroquine. Ṣé ẹ mọ iye wa tó ń yún lóru bí ẹni tí yèrèpè bá? Ekpechi àti Okoro kọ̀wé nípa yíyún yẹn ní 1964, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò sì kà á sí àlẹ́jì gangan. Síbẹ̀ "ara mi ò gba chloroquine" la ń sọ, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti béèrè pé: kí ló ṣe yín gan-an? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe tó fi lọ?

Ó wá ku orúkọ. Ibo ni "-caine" yìí ti wá? Láti ara cocaine ni. Ní 1884, ní ìlú Vienna, dókítà ojú kan, Carl Koller, rí i pé bí wọ́n bá kán cocaine sí ojú, a lè fi ọ̀bẹ kàn án láìsí ìrora. Kò ní owó tó máa fi wọ ọkọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn oníṣègùn ojú ní Heidelberg, nítorí náà ẹlòmíràn, Josef Brettauer, ló bá a ka ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Oṣù méjì géérégé lẹ́yìn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jókòó ní Berlin láti pín ilẹ̀ wa, ibẹ̀ yẹn kò sí ẹni tó kán nǹkan kan sí wa lójú kí wọ́n tó gé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé cocaine ń pani, ó sì ń di bárakú. William Halsted, àgbà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, kó sí i lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn wá ń wá irú rẹ̀ tí kò ní ìwà burúkú rẹ̀. Alfred Einhorn ní Munich ló ṣe procaine ní 1904, Heinrich Braun sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn ní 1905. Novocain ni wọ́n fi tà á, ìyẹn "-caine" tuntun. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣe oògùn amárakú ti ń fi "-caine" parí orúkọ rẹ̀, yálà wọ́n bára tan o, yálà wọn ò bára tan.

Ẹ wò ó, Àlàbí mélòó ló wà ní Ìlọrin? Bí Àlàbí kan bá jalè ní Pàkátà, ṣé Àlàbí tó ń ta aṣọ ní Adétà ni ọlọ́pàá á lọ mú?

Procaine jẹ̀bi lóòótọ́ láwọn ìgbà mìíràn. Irú ìsopọ̀ tó di í mú ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní ester. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń já, ohun tó sì ń jáde lára rẹ̀ ni para-aminobenzoic acid, PABA fún ìkékúrú. PABA yìí ni ara àwọn kan ń bá jà. Àwọn oníṣègùn eyín ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ọwọ́ wọn ń yún, ó ń bó, torí ojoojúmọ́ ni procaine ń kán sí wọn lọ́wọ́. PABA tún fara jọ àwọn oògùn sulpha, irú èyí tó wà nínú M&B 693 ayé àtijọ́ àti nínú Septrin àti Fansidar. Ní 1940, Donald Woods fi hàn pé PABA lè ba iṣẹ́ sulpha jẹ́, nítorí pé kòkòrò àrùn kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè gbà pé kí ẹni tí Septrin ti bó lára rí ṣọ́ra fún procaine, benzocaine àti tetracaine.

Lidocaine kì í ṣe ọmọ ilé yẹn rárá. Stockholm ni wọ́n bí i sí, orí ọkà bálì ni ìtàn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1930, wọ́n ń yẹ èròjà kan tó wà nínú bálì wò. Holger Erdtman ṣe èyí tó jọ ọ́, ó fi ahọ́n kàn án, ahọ́n rẹ̀ kú. (Ẹni tó bá ti run orin àta láàárọ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ahọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí tipẹ́.) Nils Löfgren gba iṣẹ́ náà, ó ń pààrọ̀ èròjà kan sí òmíràn, ó ń tọ́ wọn wò, títí tó fi dé orí lidocaine ní 1943. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, Bengt Lundqvist, gún un sí ara òun fúnra rẹ̀ láti mọ ohun tó máa ṣe. Ilé iṣẹ́ Astra bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1948 ní orúkọ Xylocaine. Amide ni ìsopọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u, kò sì sí PABA kankan níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àlẹ́jì tòótọ́ sí oògùn amárakú ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó máa sọ pé ara àwọn kò gbà á, ó ṣòro kí ẹ rí ẹnì kan tí àyẹ̀wò máa gbè lẹ́yìn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣègùn, ọ̀nà kékeré kan wà láti dá wọn mọ̀. Ẹ ka lẹ́tà "i" inú orúkọ oògùn náà. Lidocaine, prilocaine, bupivacaine: méjì méjì ni, amide ni wọ́n. Cocaine, procaine, tetracaine: ẹyọ kan péré, ester ni wọ́n.

Ta wá ni ọ̀daràn nígbà tí ara aláìsàn bá bínú lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo lidocaine? Ẹ wo inú ìgò. Ìgò onídèérí rọ́bà tí wọ́n ń fa oògùn nínú rẹ̀ léraléra máa ń ní èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, methylparaben, tó jọ PABA bí ìbejì. Ìgò kékeré tí à ń ṣẹ́ lọ́rùn, tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í sábà ní in. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ adrenaline, ọkàn lè máa lù gìrìgìrì, aláìsàn á ní ó fẹ́ pa òun. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ lásán sì máa ń dá akin ọkùnrin dùbúlẹ̀.

Ní ti rọ́bà ìtọ̀ gan-an, afurasí méjì ló wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ọ̀kan ni chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pò mọ́ lidocaine nínú àwọn jẹ́lì kan tí wọ́n fi ń ti rọ́bà wọlé. Ní 2012, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún gbogbo ọsibítù wọn nípa rẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní 2018 lórí àlẹ́jì tó lè pani nígbà iṣẹ́ abẹ, nínú 199 tí wọ́n ti mọ ohun tó fà á, chlorhexidine ló fa 18. Ẹnì kan á gba jẹ́lì, ìfúnpá á já wálẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé lidocaine ni. Ìkejì ni rọ́bà náà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí Frederic Foley ti gbé rọ́bà oníbàlúù kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà kéde ìkìlọ̀ pé oje náà ti pa àwọn aláìsàn. Àwa Yorùbá ti ń pè é ní rọ́bà lójú wa báyìí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń bi aláìsàn léèrè bóyá fèrè àwọn ọmọdé tàbí ìbọ̀wọ́ máa ń yún un.

Mo pe ọ̀kan nínú yín, tó jẹ́ dókítà akunnilóorun báyìí. (O mọ ara rẹ, o ṣeun.) Ó tẹ́tí sí ìtàn 1974 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì béèrè ohun tó yẹ: ṣé ara yún wọn, ṣé ojú wú, ṣé wọ́n ti yọ eyín láti ìgbà náà? Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yọ méjì ní 1996, wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí i, kò sí nǹkan. Káàdì wà nílé lọ́jọ́ náà ni! Abẹ́rẹ́ eyín ní 1996, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé lidocaine ni.

Síbẹ̀ kò fi ẹnu lásán parí rẹ̀. Ó fi omi sí iṣan wọn, ó tọ́jú adrenaline sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá di ọ̀ràn, ó ṣẹ́ ìgò lidocaine tí kò ní èròjà mìíràn nínú. Ó kọ́kọ́ fi gún awọ apá fẹ́ẹ́. Ó dúró. Ó fún èyí tó ti pò mọ́ omi sí abẹ́ awọ, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ló wá gún ojúlówó rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti orí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà dé orí mílílítà kan. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka tẹ̀súbáà ní gbogbo àkókò náà. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àfi pé ojú ibẹ̀ kú.

Mo bi í pé ká ní ara wọn kọ̀ ọ́ ńkọ́. Ó ní òun á yẹ amide mìíràn wò. Bí gbogbo "-caine" bá sì kọ̀, diphenhydramine ṣì wà, oògùn àlẹ́jì tó wà nínú Benylin ikọ́ yẹn. Bí wọ́n bá po ó dáadáa tí wọ́n gún un sábẹ́ awọ, ó ń mú ojú kan kú fúngbà díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ta, ó sì ń múni tòògbé. George Rieveschl ló ṣe é ní Cincinnati ní 1943, ọdún kan náà tí Löfgren rí lidocaine. Oògùn tó ń wo àlẹ́jì ló di àrọ́pò fún oògùn tí wọ́n fi ẹ̀sùn àlẹ́jì kàn.

Wọ́n fi rọ́bà silicone àti jẹ́lì lidocaine tí kò ní chlorhexidine pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ owó epo lọ́wọ́ nígbà tó ní òun ti ṣe tán. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n yọ próstéètì náà. Bupivacaine ni wọ́n gún sí wọn lẹ́yìn, oníléètà "i" méjì, tí wọ́n ṣe ní Sweden ní 1957, ọdún tí wọ́n ṣí UCH ní Ìbàdàn. Ká ní káàdì yẹn ṣì ń ṣòfin ni, wọn ì bá kùn wọ́n lóorun pátápátá, àwọn tí ìfúnpá wọn ga tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ káàdì tuntun fún wọn. Mo kọ orúkọ oògùn, ọdún, ibi tí wọ́n gún un sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà mo kọ àwọn tí wọ́n ti gbà láìsí wàhálà: lidocaine, bupivacaine, penicillin olómi. Wọ́n gbà á, wọ́n ní ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n fún mi ní ti àtijọ́ kí n ya á, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní dìsípẹ́ńsà yẹn ti kú, ìkọ̀wé rẹ̀ nìyẹn. Inú ọ̀rá kan náà ni méjèèjì wà báyìí, tuntun níwájú, àtijọ́ lẹ́yìn.